Ọ̀sán Tí Ọkọ Mi Kọ̀ Láti Wakọ̀

Òórùn paraga ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa gáréèjì Ìkàrẹ́: egbò igi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, tí òórùn kíkorò rẹ̀ pọ̀ mọ́ èéfín ọkọ̀ àti àkàrà gbígbóná. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń gbé èrò lọ sí Ọ̀kà, níbi tí ilé wa wà. Kó tó jókòó sídìí ọkọ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ da ife kan sọ́nà ọ̀fun. Ó ní egbò náà ń bá òun lé jẹ̀díjẹ̀dí. Gbogbo wọn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ náà mọ irú jẹ̀díjẹ̀dí bẹ́ẹ̀, tí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló ń bá a lọ títí ó fi gbá ọmọ ilé ìwé kan níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tó wọ Ọ̀kà. Ọmọbìnrin náà kò kú, ṣùgbọ́n egungun itan rẹ̀ ṣẹ́, kò sì jinná dáadáa mọ́. Tẹ́lẹ̀ rí, àwọn àgbà ẹgbẹ́ awakọ̀ á lọ bẹ̀bẹ̀, awakọ̀ á san owó ìtanràn, á sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ti le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Adájọ́ gba làísẹ́ńsì rẹ̀ fún ọdún méjì, ó ní bí wọ́n bá rí i nídìí ọkọ̀ kí ó tó pé, ẹ̀wọ̀n ni.

Awakọ̀ tí ọkọ mi kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ náà fún kó máa wà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á jẹ́ tán, ló bá gbà á padà, ó gbé e sí iwájú ilé. Á fọ̀ ọ́ láràárọ̀, á ṣáná sí i, á tẹ́tí sí bó ṣe ń dún, á sì pa á. Lẹ́yìn náà ló máa gbé àdá lọ sí oko kòkó ìyá rẹ̀, òun tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ iṣẹ́ oko rí. Owó iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe la fi ń jẹun. Àmọ́ n kò ní purọ́ mọ́ ọn: ó jáwọ́ nínú ọtí pátápátá. Ó rù, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wa ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wá èémí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ọkọ̀ wà níwájú ilé, epo wà nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á lọ. Ta ló máa bi yín?"

Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó tún gbé e sílẹ̀. "Àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà. Bí wọ́n bá mú mi, orí títì ni Ìyá máa há sí. Jẹ́ ká wá ọkọ̀."

Ó pọn ìyá rẹ̀ dé títì. Awakọ̀ kan tí òun àti ọkọ mi jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní gáréèjì ló dúró fún wa, èrò mìíràn sì ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Mo gbé orí Ìyá lé itan mi. A kò tíì rìn jìnnà tí ọkọ mi fi na ọrùn síwájú, tó ń gbóòórùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mutí."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí wọ́n gba làísẹ́ńsì lọ́wọ́ ẹ? Tèmi wà lápò mi o." Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkọ̀ fì, díẹ̀ ló kù ká gbá ọlọ́kadà kan tó gbé obìnrin àti ọmọ.

Ọkọ mi ní, "Ẹ dúró! Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀."

Mo kígbe, "Bàbá Ẹ̀bùn, Ìyá ńkọ́?" Ó gbé ìyá rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ àpáta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ọkọ̀ náà sì lọ.

Oòrùn mú ganrínganrín. Ọkọ̀ tó ń kọjá ti kún, èyí tí kò kún kò dúró. Ìyá di ọwọ́ mi mú pẹ́kípẹ́kí, lẹ́yìn náà ó dẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń bọ̀ láti Ìkùn ló gbé wa níkẹyìn, àárín ọ̀gẹ̀dẹ̀ la tẹ́ ẹ sí. Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn ní Ìkàrẹ́, nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó wò wá, ó sì rọra fa aṣọ bò ó lójú. Nígbà tí a ń padà, a rí awakọ̀ tó ti mutí yẹn ní gáréèjì, ó ń pe èrò. Ó ti dé láyọ̀, òun àti gbogbo ẹni tó gbé.

Níbi ìsìnkú, àbúrò ọkọ mi nàka sí i lójú gbogbo ẹbí: "Ìwọ lo pa ìyá wa." Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ mi padà sídìí ọtí, ó sì mu ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nígbà tí ọdún méjì pé, kò lọ gba làísẹ́ńsì rẹ̀. Ó ta ọkọ̀ náà.

Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi máa ń bi mí bóyá òfin yẹn dára. Mo ń rí ọmọbìnrin yẹn, bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sílé ìwé, n kò sì lè lanu sọ pé kò dára. Ohun tí mo mọ̀ ni pé adájọ́ á dá ẹnìkan lẹ́bi, odindi ilé á sì jọ ru ú. Mo sì tún mọ̀ pé lọ́jọ́ yẹn, ọkọ mi rí ara rẹ̀ nínú ọkùnrin tó ń wakọ̀, kò sì gbà láti jókòó sínú ọkọ̀ tó tún lè ṣẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Ohun tó tọ́ jù lọ tó ṣe láyé rẹ̀ ni wọ́n ń fi bú u.

Mo ti sọ ọ́ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé ó ṣe dáadáa. Á wò mí, á mi orí.

"Sọ ọ́ fún Ìyá," ló máa ń wí.