Ẹsẹ̀ Òsì Màmá Mi

Màmá mi ti fi máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ránṣọ fún ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó jókòó nídìí ọkọ̀. Bàbá mi ni dẹ́rẹ́bà ilé wa. Níjọ́ tí rọpárọsẹ̀ kọ́kọ́ kọlù wọ́n, ọkọ̀ wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó lè wà á. Wákàtí méjì la fi wá ẹni tó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Apá òsì wọn kú, tòun ti ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Dókítà ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, tá a sì pẹ́ báyẹn, ká má wulẹ̀ gbé wọn wá mọ́.

Mo ní kí wọ́n ta ọkọ̀ náà. Màmá wò mí látòkè délẹ̀.

"Èmi ni màá wà á."

Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń kọ́ wọn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ méjèèjì ni aránṣọ fi ń tẹ máṣíìnì pọ̀. Bí Màmá bá ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí búréèkì, ti kílọ́ọ̀ṣì náà á gbéra, ọkọ̀ á ta gìrì, á kú. Mo kà á dé mọ́kànlá lọ́jọ́ kan. Mo rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí di báyìí.

"Ìyá wọn, rọra," Bàbá ní, ahọ́n wọn ṣì wúwo. "Ti òsì ni kóo kọ́kọ́ gbé. Bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n, tọ̀tún lè wá kúrò."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ràn, Bàbá wọn. Ẹ má bínú."

Bàbá ní kí n fi àjákù aṣọ so ẹsẹ̀ ọ̀tún Màmá mọ́ àga, kí tòsì máa dá tẹ máṣíìnì. Oṣù kan gbáko ni wọ́n fi ránṣọ bẹ́ẹ̀. Òwú ń já, oníbàárà ń kùn, Màmá ń ránṣọ wọn lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹnu Bàbá wọ́. A gbé wọn sọ́kọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá, Màmá sì ń wà á lọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kángun sí ilé ìwòsàn, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá wa dúró, ọkọ̀ mìíràn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kàn wá nídìí. Bàbá ò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún wọn, wọ́n fi tẹ orúnkún òsì Màmá jẹ́jẹ́. Ẹsẹ̀ yẹn rọra gbéra. Ọkọ̀ gbọ̀n, ó sì gòkè lọ.

Dókítà ní a tètè dé. Bàbá tún lo ọdún mẹ́fà láìsọ̀rọ̀, bá a bá sì ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á tẹ orúnkún náà.

Lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá, èmi ni mo jókòó sí àyè wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá. A dé orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan náà, ọ̀nà là, Màmá ò lọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń fun fèrè. Ó ṣe díẹ̀ kó tó yé mi. Mo na ọwọ́, mo tẹ orúnkún wọn, ọkọ̀ sì gbéra.