Fìlà Tí Kò Padà Wálẹ̀

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá ọdún 1984 ni, aago ọwọ́ mi sì ti lé díẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán, nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wọ ẹnu ọ̀nà bùkà Màmá Oníyán ní Sabon Gari. Òórùn irú ló pàdé mi, irú tí àwọn ará Kano ń pè ní dàddáwá, tó ń hó pọ̀ mọ́ ẹ̀fọ́ nínú ìkòkò ńlá kan, òórùn eruku ọyẹ́ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú náà gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́bàá Zoo Road, mò ń sùn ní yàrá kan ní àdúgbò Noman's Land, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tí ẹnikẹ́ni ti bá mi sọ Yorùbá. Mo kí wọn. Àwọn àgbàlagbà bíi mẹ́wàá jókòó lórí bẹ́ńṣì, gbogbo wọn kọjú sí bàbá kan tó dé fìlà òṣìṣẹ́ rélùwéè, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin tó wà nítòsí mi fà mí láṣọ.

"Kọ́pà, jókòó jàre," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìdajì kejì ti bẹ̀rẹ̀."

Mo wò yíká. Kò sí rédíò, kò sí tẹlifíṣàn. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá náà, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti gbá a tán ní Ìbàdàn.

Bàbá Gáàdì ni wọ́n ń pe bàbá náà. Gáàdì ọkọ̀ ojú irin ni nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹni tó máa ń na àsíá sókè kí ọkọ̀ tó gbéra. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé ní Railway Quarters lọ́dọ̀ ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, fìlà iṣẹ́ rẹ̀ kì í sì í kúrò lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó fà mí láṣọ ni Télọ̀, tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì. Òun nìkan ló ń ṣe ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àwọn ará Èkó láàárín wọn; ti Ìbàdàn ni àwọn yòókù ń ṣe. Ẹnì kẹta tó yẹ kí o mọ̀ ni Wòlíì, olórí ìjọ Àládùúrà kan, tó máa ń gba ṣọ́ọ̀ṣì wá tààrà pẹ̀lú sùtánà funfun, tí yóò ká apá rẹ̀ sókè kí ọbẹ̀ má bàa ta sí i.

Bí àṣà náà ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún mi, n kò sì rí ìdí láti ṣiyèméjì. Láyé àwọn ọdún 1970, rédíò tó ń gbé bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ láti Ìbàdàn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé Kano. Ariwo bíi ti ẹ̀pà tí wọ́n ń yan nínú iyanrìn gbígbóná ni ènìyàn máa gbọ́. Bàbá Gáàdì ló ń mú bọ́ọ̀lù wá. Bí eré bá bọ́ sí ọjọ́ tí iṣẹ́ gbé e dé Ìbàdàn, tó sì ń sinmi níbẹ̀, yóò lọ wò ó, yóò tẹ̀lé ọkọ̀ padà, yóò ti ibùdókọ̀ wá jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú eruku ọ̀nà lára, yóò sì sọ ọ́ láti ìgbà tí wọ́n fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí dé fèrè ìkẹyìn. Àwọn kan lè ti gbọ́ èsì lẹ́nu àwọn tó ń lo tẹlifóònù rélùwéè. Kò já mọ́ nǹkan kan. Òfin ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ èsì kí fèrè ìkẹyìn tó dún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ já lu ẹni tó ń sọ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti gba káàdì pupa nìyẹn: yóò dìde, yóò jáde, yóò dúró síta títí eré yóò fi parí. Nígbà tí mo fi dé, tẹlifíṣàn ti wọ́pọ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ti di ohun tó ń wá nígbà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n wọn kò jáwọ́. Eré àtijọ́ ni wọ́n ń gbá lọ́jọ́ Àìkú. Gbogbo wọn mọ èsì, gbogbo wọn sì ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

"Lónìí, àá dá góòlù yín padà," Télọ̀ máa ń sọ bí wọ́n bá ń sinmi ní ìdajì eré.

"Haba, Télọ̀! Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí o ti ń dá a padà."

"Wòlíì, ẹ jẹ́ ká máa wò ó. Ṣèbí ẹ̀yin lẹ máa ń ní ká ní ìgbàgbọ́?"

Ihò ìṣó pọ̀ lára páànù bùkà náà. Oòrùn ń gba ibẹ̀ wọlé bí ọ̀pá tínrín-tínrín, eruku ọyẹ́ ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, ohùn Bàbá Gáàdì sì ń rìn láàárín wọn láìkánjú. Á sọ bí koríko pápá ṣe tutù. Á sọ ti obìnrin tó ń ta ọsàn lẹ́yìn gólì, tó kọ̀yìn sí eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Á sọ bí ọmọ wa tó ń gbá ọwọ́ òsì ṣe ń mú bọ́ọ̀lù lọ lẹ́bàá ìlà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó mú ọmọ kékeré lọ́wọ́ dání. Mo rí i, èmi tí n kò dé pápá náà rí. Lọ́jọ́ kan mo wo ẹsẹ̀ ara mi lábẹ́ bẹ́ńṣì, ó ti gbá afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé mo rán an.

Eré kan wà tí wọn kì í gbá àyàfi tí Màmá Oníyán bá béèrè fún un. Télọ̀ ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Ọkọ Màmá, tó jẹ́ mẹkáníìkì rélùwéè, gba ìsinmi lọ́dún tí wọ́n gbá a, ó bá ọkọ̀ Bàbá Gáàdì lọ sí Ìbàdàn láti wo àṣekágbá láàárín àwọn ọmọ wa àti àwọn ará Èkó. Ó wo eré náà tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni àyà dùn ún. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú. Bàbá Gáàdì ló mú ìròyìn náà wá bá Màmá. Lọ́jọ́ náà kò sọ bọ́ọ̀lù. Ó pẹ́ kí Màmá tó pè é jókòó, tó ní, "Bọ́ọ̀lù tí bàbá àwọn ọmọ mi lọ wò, ẹ bá mi sọ ọ́." Ó sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi góòlù, ó ní òun rí ọkọ Màmá láàárín èrò, tó ṣí fìlà Haúsá tó wà lórí rẹ̀, tó jù ú sókè, fìlà náà kò sì padà wálẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, Màmá á fi ọmọ odó sílẹ̀, á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bó bá ti gbọ́ ti fìlà náà, á padà sẹ́nu iṣẹ́.

Èmi kì í gba nǹkan gbọ́ kí n tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá Gáàdì sọ eré yìí lójú mi. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ̀yìn gólì ló wà nígbà tí bọ́ọ̀lù wọlé. Nígbà kejì, abẹ́ ibòji ló jókòó sí. Ojú kan kò lè wà níbi méjèèjì. Ṣùgbọ́n fìlà Haúsá kan láàárín ọ̀pọ̀ fìlà Yorùbá, ìyẹn á tètè fojú hàn. Mo fi ìyẹn sí apá kejì òṣùwọ̀n. Bóyá ó rí ọkùnrin náà. Bóyá opó tó ń wo ẹnu rẹ̀ ló rí, tó sì wá nǹkan fún un. N kò béèrè.

Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀lé e bẹ̀rẹ̀, Bàbá Gáàdì bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn ọdún pọ̀. Ó ń kó agbábọ́ọ̀lù ọdún kan sínú eré ọdún mìíràn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó pè mí ní orúkọ àkọ́bí rẹ̀, mo sì jẹ́ ẹ. Láìpẹ́, àkọ́bí náà fúnra rẹ̀ wá láti Ọ̀fà láti mú un relé. Ọjọ́ Ajé ni ọkọ̀ wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú, Màmá Oníyán kò tíì bu oúnjẹ fún ẹnikẹ́ni tó fi wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá náà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi gbá ti fìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

Gbogbo wa mọ ohun tó ń béèrè. Ọkọ rẹ̀ kò ní ibòmíràn tó tún ń láyọ̀ mọ́ àfi ẹnu Bàbá Gáàdì, ẹnu náà sì ń lọ.

Òjò wínníwínní ń rọ̀. Omi ń kán láti ihò ìṣó sínú abọ́ tó wà nílẹ̀. Bàbá Gáàdì bẹ̀rẹ̀ dáadáa: koríko tutù, ọlọ́sàn kọ̀yìn sí eré, gbogbo rẹ̀ pé. Ó dé ìdajì kejì. Ọmọ ọwọ́ òsì gba bọ́ọ̀lù, ó sá dé ìpẹ̀kun ìlà, ó gbé e sókè, ẹnì kan forí kàn án, ó wọlé. Màmá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, iyán lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù padà sí àárín," Bàbá Gáàdì ní, "àwọn ará Èkó tún gbé e bọ̀..."

Ó ti fo ti fìlà kọjá. Màmá kò kúrò níbi tó wà. Ó dúró bí ẹni tó ń retí ọkọ̀ tó ti lọ.

"Bàbá, fìlà ńkọ́?"

Télọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Òun fúnra rẹ̀ ló dìde. "Mo ti mọ̀, káàdì pupa," ó sì jáde lọ dúró sínú òjò.

"Fìlà wo?" Bàbá Gáàdì ń wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan. "Fìlà ta ni? Níbo la tiẹ̀ dé? Ta ló ní bọ́ọ̀lù?"

Àwọn yòókù wo èmi, bóyá nítorí pé èmi ni mo kàwé. Mo mọ ọ̀rọ̀ fìlà náà sórí, ṣùgbọ́n n kò rí i, ẹnu mi kò sì lè gbé e.

Màmá Oníyán nu ọwọ́ sí ìró rẹ̀. Ó wá jókòó sí àyè Télọ̀, iwájú Bàbá Gáàdì gan-an. Wòlíì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò rí i kó jókòó láàárín àwọn rí.

"Bàbá, àwa la ní bọ́ọ̀lù," ó ní. "Ẹsẹ̀ ọmọ ọwọ́ òsì yín ló wà."

"Ti Ìbàdàn ni?"

"Ti Ìbàdàn ni, sà. Àwa àtàwọn ará Èkó."

Bàbá Gáàdì na ọwọ́ sókè kíá, bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. "Ẹ má tíì sọ èsì fún mi o! Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Màmá dá eré padà sẹ́yìn díẹ̀, síbi tí góòlù kò tíì wọlé, ó sì ń sọ ọ́ lọ. Ohùn tó fi ń béèrè pé ẹran mélòó lo fẹ́ náà ló fi sọ ọ́, kò gbé e ga. Gbogbo ohun tí bàbá náà ti ń sọ látẹ̀yìn ló wà níbẹ̀, koríko, ìlà, ọlọ́sàn. Ẹ̀yìn odó ló ti ń gbọ́ wọn, tó ń kó wọn jọ. Bàbá Gáàdì ti sún dé etí bẹ́ńṣì. Nígbà tí bọ́ọ̀lù lọ sókè, Màmá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí.

"Láàárọ̀ ọjọ́ tó fẹ́ wọkọ̀, mo ní kó fi fìlà tuntun yẹn sílẹ̀, èyí tí mo rà fún un ní ọjà Kurmi, kí èrò má bàa bá a sọ ọ́ nù. Ó fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní tí a bá borí, òun ò ní dé fìlà wálé. Wọ́n forí kàn án, Bàbá. Ó wọlé. Ó ṣí i, ó jù ú sókè báyìí..."

Bàbá Gáàdì ti dìde. Ó kígbe góòlù tí ohùn rẹ̀ fi kọjá títì, ó já fìlà rélùwéè kúrò lórí, ó sọ ọ́ sókè. Fìlà náà kọ́ sára igi àjà lábẹ́ páànù, ó dúró síbẹ̀. Gbogbo wa gbójú sókè. Láti inú òjò, Télọ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún góòlù tí wọ́n gbá wọlé àwọn ará rẹ̀.

"Kai! Wallahi, góòlù yẹn dáa!"

Màmá gbá eré náà dé fèrè ìkẹyìn.

"A borí?" Bàbá Gáàdì béèrè.

"A borí, sà."

"To, shi ke nan, ó parí nìyẹn," ó ní, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ gbé iyán wá."

Wòlíì fẹ́ fi igi yọ fìlà náà. Màmá ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò lọ́pọ̀ ìgbà. Bí ọkọ Màmá bá sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ohun tí Bàbá Gáàdì ní òun rí bá a mu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wọ̀ lọ. Bàbá lè ti gbọ́ ìlérí náà lẹ́nu ọkùnrin náà, kó sì fi ìyókù kún un. N kò rí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé. Ohun tó yí padà nínú mi ni pé mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí nǹkan ṣojú rẹ̀ nìkan ló lè pa á mọ́. Màmá kò rí pápá náà rí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹni tó rí i gbàgbé, lọ́wọ́ Màmá la ti bá a, ó sì dá a padà fún olówó orí rẹ̀ àti fún bàbá náà pa pọ̀.

Mo lọ sí ibùdókọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Bàbá Gáàdì jókòó létí fèrèsé, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ewú rẹ̀ ń fẹ́ nínú atẹ́gùn. Ó juwọ́ sí mi. N kò mọ ẹni tó rò pé mo jẹ́. Àwọn kan sọ lẹ́yìn náà pé ara rẹ̀ yá nílé, àwọn kan ní kò yá. N kò rí i mọ́, n kò lè sọ. Fìlà ti Ìbàdàn, n kò lè jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo jẹun kẹ́yìn lọ́dọ̀ Màmá Oníyán kí n tó fi Kano sílẹ̀, mo gbójú sókè kí n tó jókòó. Aláǹtakùn ti ta okùn sí fìlà rélùwéè náà létí. Ó ṣì wà lórí igi àjà.