Ẹni Tó Jáde Kí Eré Tó Parí

Ní odindi ọdún kan tí ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, fìyà jẹ àwọn ará ìlú wọn, Erie, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Ọjọ́ náà gan-an ni Casimir Nowicki, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Kaz, wà níta géètì pápá, tó ń bá Vernon aṣọ́géètì fa ọ̀rọ̀.

Ìyàlẹ́nu ńlá ni. Ọdún mọ́kànlélógójì ni Kaz ti ń jókòó sórí ìjókòó kejìlá, ìlà kọkàndínlógún, kò sì fìgbà kan dìde kí wọ́n tó fun fèrè ìkẹyìn. Òjò pa á níbẹ̀, yìnyín bò ó níbẹ̀. Bó bá rí ẹni tó ń yọ́ jáde, á kígbe mọ́ ọn: "Ó dàárọ̀ o! Ẹ bá wa kí àwọn ará ilé!" Darlene ọmọ rẹ̀, tó ti ń jókòó tì í láti ọmọ ọdún méje, á fi fìlà bojú.

Ọdún yẹn ló yẹ kó jẹ́ tiwọn. Wọ́n ti ra ẹnì kan tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni ju òkò, gbogbo ìlú sì ti ń sọ ibi tí wọn yóò gbé ife-ẹ̀yẹ sí láti oṣù kẹjọ. Ìpàdé mẹ́fà lórí pápá kọjá, wọn ò borí ẹnikẹ́ni. Dókítà sì ti pe Darlene sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé àìsàn ọkàn bàbá rẹ̀ ti le gan-an, ó ṣeé ṣe kó má rí ọdún bọ́ọ̀lù mìíràn. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni Darlene ń bẹ Ọlọ́run fún: kí bàbá òun fojú rí ìborí kan, ẹyọ kan péré, kó tó lọ.

Ní ìpàdé keje, ọmọ ẹgbẹ́ Alágbẹ̀dẹ kan fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ jìnnà. Bọ́ọ̀lù bá ẹni tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ lórí àṣíborí, gbà! Ó ta padà sọ́wọ́ àwọn àlejò, wọ́n sì gbé e sáré wọlé. Gbígbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan lè mú ayò tó méje wá, ó sì di ayò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sí òdo. Kaz la ẹnu, kò lè pa á dé. Lẹ́yìn náà ló ká tìmùtìmù ìjókòó rẹ̀ mọ́ abíyá, ó bọ́ sọ́nà.

"Dádì, ibo lẹ ń lọ?"

"Ibi tójú mi ò ti ní rí nǹkan."

Ẹnu ya Darlene débi pé kò rántí tẹ̀lé e.

Kaz ò tíì dé ìdí ọkọ̀ rẹ̀ tó fi gbọ́ ariwo lẹ́yìn. Ó sáré padà bí ara rẹ̀ ṣe gbà á. Vernon, tó ti ń ṣọ́ géètì kẹta láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú, kàn na ìka sí pátákó: ẹni bá jáde, kò gbọdọ̀ padà wọlé.

"Vernon, ṣí i."

"O ti jáde, Kaz."

"Èmi? Mi ò jáde o. Mo kàn dúró síta díẹ̀ ni."

"Ó dáa, máa dúró níbẹ̀."

"Jẹ́ kí n ti orí nìkan wọlé."

"Orí ẹ ò ní tíkẹ́ẹ̀tì."

"Sọ́séèjì méjì ń bẹ nínú ọkọ̀. Ó ṣì gbóná."

"Ṣé ó ní ọbẹ̀ músítádì?"

"Músítádì kún un."

"Gbé e wá. Mi ò ní ṣí i o."

Wọ́n jọ ń jẹ ẹ́, Vernon gbé rédíò sétí. "Mẹ́rìnlá!" Ariwo tún sọ. "Mọ́kànlélógún! Kaz, mo kú!" Nígbà tí fèrè dún, Alágbẹ̀dẹ ti fi ayò kan ṣoṣo borí. Àwọn bàbá àgbà méjèèjì dì mọ́ra, wọ́n ń sunkún, irin géètì wà láàrin wọn. Síbẹ̀, Vernon ò ṣí i.

Nínú pápá, Darlene fò sókè, ó yíjú láti dì mọ́ bàbá rẹ̀, ó bá ìjókòó òfìfo. Ó dùn ún wọra.

Bí wọ́n ti ń lọ sílé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kaz lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó fi máa di Kérésì, Kaz ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá yà wá kí i, ó sì ti ń bá ọmọ rẹ̀ wí: "Ọwọ́ òsì ni ọmọkùnrin yẹn fi mú bọ́ọ̀lù! Ṣé o ò wò ó dáadáa ni?"

Wàhálà gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Peg Hanrahan, tó ń jókòó sẹ́yìn wọn, ronú sí ọ̀rọ̀ náà. Kaz jáde, wọ́n borí. Kaz jókòó, wọ́n pàdánù. Ní ìpàdé kẹjọ, ó mú kéèkì wá.

"Kaz, ṣé o ò ní lọ gba afẹ́fẹ́ díẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ wo? Ṣé òrùlé wà lórí wa ni?"

"Ti ìta ló dáa jù. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ìkẹyìn péré."

"Méjì."

"Mẹ́wàá."

"Mẹ́ta, kéèkì yẹn á sì bá mi lọ."

Wọ́n fẹnu kò sí mẹ́fà. Inú bí Darlene. Ẹni tó ku ìpàdé díẹ̀ fún láyé, òun ni wọ́n tún ń lé síta! Àmọ́ Kaz kàn fọwọ́ bà á léjìká. "Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń dí wọn lọ́wọ́, jẹ́ n lọ. Kí wọ́n ṣáà ti borí."

Ó jáde, wọ́n pàdánù. Peg ní kò jìnnà tó. Ó lọ dúró sídìí ọkọ̀, wọ́n pàdánù. Ó wọnú ọkọ̀, ó tilẹ̀kùn mọ́ra, wọ́n tún pàdánù. Ìpàdé ìkẹyìn bá a lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, ní òdìkejì ìlú, ayò mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni wọ́n sì fi lu Alágbẹ̀dẹ. Kaz ní kí wọ́n bá òun pe Peg lórí fóònù.

"Peg, ṣé ó wá jìnnà tó báyìí?"

Kaz kú ní oṣù kẹta. Àwọn ẹbí ní kí Darlene dá ìjókòó méjèèjì tí wọ́n ń sanwó fún lọ́dọọdún padà, pé kí ló tún kù níbẹ̀. Ó lọ sanwó méjèèjì. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án dé, ó tẹ́ tìmùtìmù bàbá rẹ̀ sórí ìjókòó kejìlá, ó sì jókòó tì í.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà, àwọn àlejò fi ayò mẹ́wàá ṣíwájú. Peg wo tìmùtìmù náà. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Darlene bá dìde.

"Ibo lò ń lọ?"

"Mò ń lọ gba afẹ́fẹ́ ni. Ará ilé wa kan gbọ́dọ̀ wà níta."

Vernon rí i tó ń bọ̀, kò béèrè ohunkóhun. Ó jẹ́ kó kọjá síta, ó ti géètì, ó gbé rédíò sáàrin irin kí àwọn méjèèjì lè máa gbọ́. Ariwo àkọ́kọ́ sọ, lẹ́yìn náà ìkejì, ilẹ̀ sì mì tìtì. Alágbẹ̀dẹ ti borí. Vernon ṣí géètì náà gbayawu, ohun tí kò ṣe fún ẹnikẹ́ni rí.

"Wọlé, kíá! Wàá ṣì bá wọn níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣí i fún bàbá ẹ lọ́jọ́ yẹn."

Darlene mi orí. "Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ níbí. Ibí ni Dádì ti gbọ́ ọ."

Vernon bọ́ síta, ó fa géètì dé lẹ́yìn ara rẹ̀, ó sì wá dúró tì í.