Wọ́n Fi Tòmátì Dókítà Salaudeen Se Ọbẹ̀ Àdúrà Rẹ̀

Orí àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ ìwádìí irúgbìn kan ní Ikosi ni Dókítà Ọmọ́bọ́lá Salaudeen kú sí, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù lọ́wọ́. Iná ti lọ, bó ṣe máa ń lọ. Àtẹ̀gùn náà kò ní irin ìdìmú, kò sì ní in rí. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi ra epo náà, kí jẹnẹrétọ̀ kékeré lè gbé fíríìjì tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ní ìjàǹbá ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn jiyàn. Bí ilé bá ṣókùnkùn, tí àtẹ̀gùn kò ní ohun tí èèyàn lè dì mú, tí dókítà wá di agbépo, kí lẹ tún fẹ́ kí wọ́n pè é?

Aunty Tòmátì là ń pè é ní ọjà Mile 12. Ibi tí ọkọ̀ ti ń já ẹrù láti òkè Ọya ló máa ń wá jókòó sí, lórí apẹ̀rẹ̀ tó dojú dé. Àwa tí à ń ta tòmátì kì í wo àwọ̀ nìkan. Àtàǹpàkò la fi ń tẹ ìdí rẹ̀, ká lè mọ èyí tó máa di ọ̀la. Òun náà kọ́ ọ lọ́dọ̀ wa, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa.

"Kálísíọ̀mù tó wà nínú eegun wa wà nínú èso náà," ló sọ fún Ajarat, aládùúgbò mi lórí ìsọ̀. "Ó dà bíi sìmẹ́ńtì láàrin bulọ́ọ̀kù. Àwọn puróténì kan wà tó ń di kálísíọ̀mù mú. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ni wọ́n. Tó bá ti kàn wọ́n lára, wọ́n á ránṣẹ́ sínú ilé pé àkókò tó, ẹ pọ́n, ẹ rọ̀. Ẹ̀ṣọ́ tòmátì tiwa yìí ń kánjú jù. Èyí tó ní sùúrù ni mò ń wá."

"Aunty, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọ̀kan wá fún ọkọ mi!" Ajarat dáhùn.

Gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ṣùgbọ́n ìṣirò ò ṣòro fún mi. Nígbà òjò, tí apẹ̀rẹ̀ mẹ́rin bá dé, ààtàn ló ń gba ọ̀kan. A sanwó rẹ̀ fún àgbẹ̀, a sanwó ọkọ̀, a sanwó alábàárù, a tún wá sanwó fún ẹni tó máa kó o dànù. Ohun tí obìnrin yìí ń bá jà nìyẹn fún ọdún méje.

Ó sì rí i. Èso tó wà lórí tábìlì rẹ̀ nígbà tó kú, àwọn ló ń dúró dè kí wọ́n pọ́n tán kó tó gba irúgbìn inú wọn. Kò ní òmíràn. Àfi ẹyọ kan péré tó fún Ajarat, pé kó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjọ́ kẹjọ ikú rẹ̀ pé. Ilé-iṣẹ́ tí kò rí irin kan fi sí àtẹ̀gùn rí ìkòkò ńlá mẹ́ta fún àdúrà. Àwa ará ọjà lọ. Etí wa la fi gbọ́ Kúnbi, akọ̀wé tí wọ́n ní kó bójú tó ọbẹ̀:

"Ọ̀gá, tòmátì ò ní tó o."

"Ìwọ náà!" Ọ̀gá Ọláńrewájú, olùdarí wọn, dáhùn. "Èyí tó wà lórí tábìlì olóògbé ńkọ́? Ṣé kó bàjẹ́ síbẹ̀ ni?"

Kúnbi kó o wá, ó ń gé e, ó ń ráhùn. "Tòmátì yìí mà le o! Ó ti lé lọ́sẹ̀ kan níbẹ̀, kò rọ̀ rárá. Ṣé kò ní í ba ọbẹ̀ jẹ́?"

"Ṣáà lọ̀ ọ́ kó kúnná."

Ajarat pariwo, ó sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ti lọ̀ ọ́ tán.

Ẹ ò rí nǹkan? Àbájáde ìwádìí ọdún méje, akọ̀wé kà á sí olùdarí létí lọ́fẹ̀ẹ́, olùdarí sì ti fèsì. Èmi tí mo máa ń ṣún owó ná, mo kan sáárá sí wọn. Wọ́n fi owó tòmátì díẹ̀ pamọ́. Ọdún méje ni wọ́n fi san án. Ọ̀gá wá dìde, ṣíbí lọ́wọ́, ó ní iṣẹ́ Dókítà kò ní parun láé. Báwo ni yóò ṣe parun? Inú ikùn ọ̀gá ló wà. Iṣẹ́ inú fíríìjì ńkọ́? Látọjọ́ ìsìnkú, ẹnikẹ́ni ò tan jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó rùn, wọ́n ní kí wọ́n dà á nù.

Ẹyọ kan tó kù wà lórí ìsọ̀ Ajarat. Oníbàárà ń nawọ́ sí i, ó ń gbá wọn lọ́wọ́: "Kì í ṣe títà!" A lè gbìn ín sínú korobá nílé wa ní Alápẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ di púpọ̀ láì jẹ́ kó dà pọ̀ mọ́ òmíràn?

Nítorí náà, Ọ̀gá Ọláńrewájú, ẹ máa bọ̀ ní Mile 12. Ẹ má gbé ìkòkò wá. Ẹ mú ẹni tó mọ̀ ọ́n gbìn dání, kẹ́ ẹ sì sọ lójú gbogbo wa ẹni tó fi àtẹ̀gùn yẹn sílẹ̀ láìní irin, àti ẹni tó pàṣẹ pé kí wọ́n lọ tòmátì òkú. Ẹ yára. Àárọ̀ yìí ni Ajarat tẹ ìdí rẹ̀ wò, ó ṣì le. Ẹ̀ṣọ́ tó ní sùúrù ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n sùúrù ọ̀hún lópin. Tiwa náà lópin.