Adájọ́ Inú Fóònù Wa

Ẹ̀wù adájọ́ ni mo ń rán. Ní Cadjèhoun ní Kútọnu ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, nínú yàrá kan tí ọkọ̀ òfurufú máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ikùn nu òrùlé rẹ̀, tí àwọn abẹ́rẹ́ mi á sì máa gbọ̀n nínú agolo. Ẹ̀wù dúdú àwọn lọ́yà àti adájọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo máa ń lálàá rẹ̀. Mo máa ń rí i tó ń rìn lọ lójú omi láìsí ènìyàn nínú rẹ̀, tí bọ́tìnì rẹ̀ ń tàn yanranyanran. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ fi àwòrán adájọ́ kékeré yẹn ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, ohun tí mo sọ ni pé, "Ta ló rán ìránkúrán yìí? Bọ́tìnì rẹ̀ dà?"

Obìnrin ni adájọ́ náà. Ó wọ dúdú, aṣọ funfun wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì tutù bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ọmọ mi ṣàlàyé pé bí ẹnì kan bá ṣe ohun tó kù díẹ̀ káàtó, àwọn ẹgbẹ́ òun ní yunifásítì ní Abomey-Calavi á kàn gbé adájọ́ sí i. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú, ṣùgbọ́n o ti mọ̀ pé wọ́n rí ọ. Èmi ò tíì mọ ìyẹn nígbà tí mo fi í ránṣẹ́ sí oníbàárà mi kan, adájọ́ gidi, láti fi sọ fún un pé ẹ̀wù rẹ̀ ti parí. Kíá ló pè mí: "Màmá, kí ni mo ṣe fún yín?" Áà, ojú gbà mí tì!

Àwa mẹ́ta péré la wà nínú Wasáàpù ilé wa: èmi, ọmọ wa kan ṣoṣo, àti bàbá rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ láti Kútọnu lọ sí Pobè, níbi tí àwa méjèèjì ti wá. Aláríyànjiyàn ni èmi àti ọkọ mi. Lọ́jọ́ kan, ó ya àwòrán ẹja tí mo dì fún un, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iyọ̀ ti pa òun lójú ọ̀nà. Mo ní ẹnu rẹ̀ ni kò dáa. Ọmọ wa bá gbé adájọ́ jáde: "Ẹ jókòó. Kí kálukú sọ tẹnu ẹ̀." Báyìí ló ṣe di àṣà ilé wa. Ẹni tí inú ń bí á gbé adájọ́ síbẹ̀, á ro ẹjọ́ tirẹ̀, ẹnì kejì á ro tirẹ̀, kò sí pé à ń já lu ọ̀rọ̀ ara wa. Lẹ́yìn náà ni ọmọ wa á fi ohùn rẹ̀ dá ẹjọ́. Ẹni tó bá jẹ̀bi á ra àkàrà gbígbóná fún ẹni tó jàre. Bàbá ọmọ mi, ọkùnrin tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni lójú títì, á rẹ́rìn-ín, á sì jáde lọ ra àkàrà.

Ìgbà tó yá ni ilé ẹ̀kọ́ kan ní Dàkáà, lókèèrè, gba ọmọ wa, pé kó wá fi ọdún méjì kàwé sí i. Bàbá rẹ̀ ní kó lọ. Èmi ní kò ní lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí, mi ò ní purọ́. Ọmọ kan ṣoṣo! A gbé adájọ́ síbẹ̀, a ro ẹjọ́ wa. Ọmọ wa kà á, mo rí àmì búlúù méjèèjì, ṣùgbọ́n kò fèsì. Ọjọ́ kan, ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Mo rán apá ẹ̀wù kan sódì, mo tún tú u.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó wá mú mi lọ sétí òkun ní Fidjrossè. Oòrùn ti rọ̀. Àwọn apẹja ń fa okùn àwọ̀n wọn díẹ̀díẹ̀, omi ń wá, ó ń padà, ó dà bíi pé gbogbo ayé fẹ́ sùn. Fóònù mi gbọ̀n nínú ìró mi. Adájọ́ ni mo rí níbẹ̀, òun nìkan. Ọmọ mi tó fi ránṣẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òkun ló ń wò.

"Màmá, ẹjọ́ tèmi ni, mi ò lè dá a. Ẹ̀yin lẹ máa dá a."

"Tí mo bá ní o ò lọ ńkọ́?"

"Mi ò ní lọ."

Kò fajú ro rárá. Mo mọ̀ pé kò ní lọ lóòótọ́, ìyẹn gan-an sì bà mí lẹ́rù ju Dàkáà lọ. Mo wojú rẹ̀. Ọ̀nà jíjìn ló ń wò, níbi tí omi ti kan ọ̀run, ẹnu rẹ̀ sì là díẹ̀ bí ìgbà tó wà ní kékeré tó bá ń wo ọkọ̀ òfurufú. Ó pẹ́ kí n tó lè tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù: "Bàbá rẹ jàre."

Ó kà á, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Mo ra àkàrà lọ sílé fún bàbá rẹ̀, kò lè jẹ ẹ́ tán.

Ọmọ wa ti lọ báyìí. Láti Dàkáà ló ti ń dá ẹjọ́ wa. Lọ́jọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, àárò rẹ̀ mú mi ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kàn gbé adájọ́ sórí Wasáàpù láìro ẹjọ́ kankan.

Ó béèrè pé, "Màmá, ta lẹ pè lẹ́jọ́?"

Mo ní, "Ìwọ."

"Kí ni mo ṣe?"

"O lọ."

Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ wọlé, ó rọra sọ ọ́: "Mo jẹ̀bi, Màmá mi."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí bàbá rẹ̀ dé, mo gbé e sí i létí. Ó mú abọ́ kékeré kan nínú ilé ìdáná, ó jáde lọ ra àkàrà wá fún mi, bẹ́ẹ̀ òun kọ́ ló jẹ̀bi.