Ìtàkùn Tí Màmá Gbé Sórí Igi

Irun ni mò ń ṣe ní Minanata, ní Sókótó, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ilé, mo tún ń gbin èso sitirọ́bẹ̀rì, mo sì ń ta ọmọ rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ gbìn ín. Ìyá rẹ̀ á na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde, okùn náà á hu ewé lórí: ọmọ nìyẹn. Bí ó bá kan ilẹ̀ tútù, á ta gbòǹgbò, a ó wá gé e kúrò lára ìyá.

Lọ́dún tí mo bí Àyọ̀kẹ́, ẹyọ kan péré ló kù nínú èyí tí wọ́n bá mi gbé wá láti Jos. Ọyẹ́ ti ń lọ, ooru Sókótó ń bọ̀. Bí àwọn ọmọ kò bá ta gbòǹgbò kí oòrùn tó pa ìyá wọn, iṣẹ́ parí nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wa wẹ ọmọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jáde sẹ́yìn ilé. Màmá ti ri igi mọ́lẹ̀, wọ́n ti lọ́ gbogbo okùn náà ròkè bí ìtàkùn iṣu. Àwọn ọmọ ń mì dirodiro, ewé wọn ti ń rọ.

"Ìyàwó mi, mo ti bá ẹ gbé e sórí igi. O kàn jẹ́ kó máa wọ́ nílẹ̀ bí ejò!"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Ṣùgbọ́n eléyìí kì í gun igi o. Ilẹ̀ ló ń wá."

Wọ́n wo igi, wọ́n wò mí. "O wá jẹ́ kí n fi gbogbo àárọ̀ lagi?"

"Ọmọ-ọmọ yín ló dá mi dúró nínú ilé, mà. Ọmú ló ń mu."

Wọ́n tú okùn náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń tú irun ọmọ tuntun. Mo kó píìnì irun wá láti ṣọ́ọ̀bù, a fi kan ìdí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ yẹ̀pẹ̀ tútù nínú ike. Màmá tún fẹ́ bò ó mọ́lẹ̀.

"Ẹ má bo ọkàn rẹ̀, Màmá, ibi tí ewé tuntun ń gbà jáde. Á jẹrà."

"Bíbò la máa ń bo iṣu."

"Kì í ṣe iṣu, mà."

"Mo ti gbọ́. Má pariwo mọ́ mi."

Ó yẹ kí wọ́n padà sílé lọ́sẹ̀ náà, wọ́n ní àwọn ò lọ títí okùn náà á fi ta gbòǹgbò. Òmíràn gbẹ nínú àwọn ọmọ inú ike náà. Nígbà tó yá, Màmá fi ìka fa ọ̀kan díẹ̀ bí mo ṣe kọ́ wọn, kò tẹ̀lé wọn.

"Ó ti dilẹ̀ mú!" Igbe wọn jí Àyọ̀kẹ́.

Oníbàárà àkọ́kọ́, Hajiya kan, kò gbọ́ Yorùbá, Màmá kò gbọ́ Haúsá. Màmá bi mí bí a ṣe ń sọ "kò sí igi" ní Haúsá, mo sì sọ fún wọn. Wọ́n di ike tí Hajiya rà mú, wọn ò fi sílẹ̀.

"Hajiya, *babu sanda*."

Hajiya rẹ́rìn-ín, ó gbà. "*To*, Mama, *babu sanda*."

Ìgbà yẹn ni Màmá tó jẹ́ kó gbé e lọ.