Ẹ̀rọ Tí Mo Gbé Sórí Sàréè Màmá Mi

Bàbá mi ní ilẹ̀ ń mì. Àràárọ̀ ni. Bí wọ́n bá ti jókòó sórí sàréè màmá mi ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n gbé kọ́ọ̀bù tíì wọn dání, wọ́n ní ilẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lábẹ́ àwọn díẹ̀díẹ̀, ṣíbí á sì máa dún nínú kọ́ọ̀bù. Èmi náà ti gbọ́ ìró ṣíbí yẹn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ sọ fún mi pé bàbá mi ń parọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé Èkó kò tiẹ̀ pè é ní irọ́. Ó ní Dádì ti ń ṣarán. Àwa méjì péré ni wọ́n bí, òun sì ni àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń lékè. Ó ní bí òun bá wálé fún ọdún Àjíǹde, òun á kó ẹrù wọn sínú mọ́tò, òun á gbé wọn lọ sọ́dọ̀ òun l'Ékòó, a ó sì ti ilé pa. Ó ní ẹni ọjọ́ orí wọn kò yẹ kó máa dá gbé inú ilé tó ń sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ ń mì. Èmi ń gbé nítòsí níbẹ̀, mò ń wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan létí rẹ̀.

Bàbá mi gbọ́. Wọn ò bá a jà. Èmi nìkan ni wọ́n kọjú sí lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Tí ẹ bá gbé mi lọ, ta ni yóò máa bá ìyá yín jókòó?"

Háà! Bàbá yìí ló dúró ti àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń kọ́ sàréè yẹn, tí kò jẹ́ kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe ahun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mu tíì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún màmá mi ẹni tó kú nílùú àti ẹni tó bímọ. Ẹ wá ní kí wọ́n lọ máa jókòó sí bákónì ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ékòó.

Físíìsì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ girama, orí mi sì máa ń tètè gbóná. Mo ti wà nínú gúrúùpù kan lórí fóònù tipẹ́, ti àwọn èèyàn káàkiri ayé tí wọn kì í ṣe onímọ̀ ìjìnlẹ̀ rárá, tó kàn wù wọ́n láti gbé ẹ̀rọ sílé kí wọ́n lè máa mọ ìgbà tí ilẹ̀ bá mì. Mi ò ní ẹ̀rọ kankan, òǹwòran ni mí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbàlagbà ìlú wa ṣì ń sọ ti ìgbà kan tí ilẹ̀ mì tí àwo ń já bọ́ láti orí pẹpẹ, nítorí náà ohun tí bàbá mi sọ kì í ṣe ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ kí n gbé ẹ̀rọ síbẹ̀ ná. Tí ẹ̀rọ bá ní ilẹ̀ ò mì, ẹ wá gbé wọn."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Ó dáa. Tí ẹ̀rọ bá ní ilẹ̀ ń mì, èmi fúnra mi á dọ̀bálẹ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dádì, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbé wọn kúrò níbẹ̀ mọ́."

Bí mo ṣe fi ẹnu ara mi gbé ọ̀rọ̀ bàbá mi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo rò pé bí èèyàn ṣe ń ra rédíò ni. Ó tì o! Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni èyí tó máa jókòó sílẹ̀, tí mò ń pè ní etí: òòfà wà nínú rẹ̀, àti wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀, tí wọ́n fi sípíríńgì gbé kọ́. Bí ilẹ̀ bá mira, wáyà yẹn á mú iná tíńtín jáde. Ìkejì ni bọ́ọ̀dù tó ń sọ iná náà di nọ́ńbà. Ìkẹta ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń sọ nọ́ńbà di ìlà lójú fóònù. Bí etí àti bọ́ọ̀dù ò bá bára wọn mu, ìyà lásán lo ń jẹ.

Etí tí mo kọ́kọ́ rà l'Ékòó, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù rẹ̀, mo rà á torí pé òun ni mo rí. Mo fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà fò. Mo rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìlà sùn lọ fọnfọn. Bàbá arúgbó kan nínú gúrúùpù, tí ìlú rẹ̀ jìnnà réré, ló là mí lóye pé ohun ńlá nìkan ni irú ìyẹn ń gbọ́. Ó wá júwe etí tó yẹ kí n rà fún mi, èyí tó ń gbọ́ ìmìtìtì tó rọra ń bọ̀.

Ọmọ àbúrò màmá mi ń bọ̀ wálé láti òkè òkun nígbà náà, òkú bàbá ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ sin ní Ìbẹ̀fun. Mo fi àwòrán etí náà ránṣẹ́ sí i, mo fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́, mo tún pè é lórí fóònù. Kò sí ibi tí mi ò bá a dé. Àbúrò mi yìí dé ibi tí wọ́n ti ń tà á, ó rí i pé ohun tí mo ní kó rà kò ju agolo tòmátò kékeré lọ, kò sì wọ́n. Ọmọ Ìjẹ̀bú! Ojú tì í. Ó ní òun á ṣe ti òkè òkun bọ̀ kóun gbé irú ìyẹn fún ẹ̀gbọ́n òun? Ó fi èyí tí mo fẹ́ sílẹ̀, ó ra èyí tó tóbi jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń dán gbinrin, tí àwọn tó ń wá epo rọ̀bì ń lò. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì mi tẹ̀ríntẹ̀rín. "Àǹtí mi, kékeré yẹn ò yẹ yín. Ẹ wo èyí!"

Mo dúpẹ́. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo ní ó ṣeun, Ọlọ́run á bù kún un, mo sì bu ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un mu. Nígbà tó lọ tán ni mo wọ yàrá tí mo sunkún, torí irú etí yẹn, ìmìtìtì tó yára ṣàṣà nìkan ló ń gbọ́. Ẹnu wáyà rẹ̀ ò tiẹ̀ wọ bọ́ọ̀dù mi. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n fi òjé jó o pọ̀ fún mi, ó wọ̀, ṣùgbọ́n pàbó ló já sí.

Àjíǹde ń súnmọ́lé. Ẹ̀gbọ́n mi á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, "Tíṣà, ẹ̀rọ ńkọ́?" pẹ̀lú àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà á rọra bi mí nírọ̀lẹ́ bóyá ẹ̀rọ ti gbọ́ nǹkan. Mà á ní kò tíì gbọ́, sà. Wọ́n á ní ó dáa, wọ́n á sì yíjú sí ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo nǹkan tojú sú mi. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iná mànàmáná, apá mi ò ká agolo kan.

Ọ̀rọ̀ mi ṣe arúgbó inú gúrúùpù láàánú. Ó fi etí àti bọ́ọ̀dù kan tó ti ń bára wọn ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n má ṣe yà wọ́n nípa. Nígbà tó dé, ó gbọ́ ẹsẹ̀ adìyẹ.

Ibo ni kí n gbé e sí? Orí sìmẹ́ńtì tó wọlẹ̀ dáadáa ni, tó jìnnà sí fíríìjì àti jẹnẹrétọ̀. Mo wá gbogbo ilé ká. Ibì kan ṣoṣo ló wà, ojú sì ń tì mí láti dárúkọ rẹ̀. Bàbá mi ló sọ ọ́. "Gbé e sórí ìyá rẹ. Wọn ò ní bínú."

Mo dúró de Sátidé ìmọ́tótó, tí gbogbo ìlú ń gbálẹ̀, tí ìjọba ò sì jẹ́ kí mọ́tò tàbí ọ̀kadà rìn láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Òdogbolú má baà da ilẹ̀ rú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo gbé e sórí sàréè, mo fi abọ́ ike dé e nítorí afẹ́fẹ́. Bàbá mi wọ bùbá funfun jáde, wọ́n dé fìlà bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò. Wọ́n jókòó létí sàréè. Ìlà tó wà lójú fóònù mi gún régé.

Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún lé sìmẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ ike. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n ní, "Ó ti dé. Ó ti dé! Wò ó!"

Ìlà ti ń gbọ̀n lóòótọ́. Ó ń yọ eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, kò dáwọ́ dúró.

"Yéè! Ó mú un! Dádì, ó mú un!" Mo fò sókè, mo jó. Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń sọ fún màmá mi pé, "Ṣé o gbọ́? Ṣé o gbọ́ nǹkan tí ọmọ rẹ wí?" Mo ya àwòrán ìlà náà. Mo ti kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi pé kó máa bọ̀ wá dọ̀bálẹ̀, ó ku kí n fi ránṣẹ́, ni bàbá mi bá gbé ọwọ́ yẹn láti tún fìlà wọn ṣe.

Ìlà sùn sílẹ̀ gbalaja.

Wọ́n dá ọwọ́ padà sórí sìmẹ́ńtì. Eyín ayùn bẹ̀rẹ̀. Mo gbàdúrà pé kí wọ́n má tíì rí i. Mo ní bóyá wáyà ló dẹ̀, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò, sà, ẹnu mi ò dúró. Ṣùgbọ́n fóònù ni bàbá mi tẹjú mọ́. Wọ́n rọra gbé ọwọ́ kúrò. Ìlà sùn. Wọ́n gbé e padà. Ìlà jí. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà lé itan, àwa méjèèjì sì jọ ń wò ó bó ṣe ń gbọ̀n.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

"Dádì, ó lè jẹ́ pé..."

"Èmi ni."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọ̀tún mú, wọ́n wo sàréè. "Ilẹ̀ ọ̀dọ̀ ìyá rẹ dúró dáadáa, àbí?"

"Ó dúró, sà."

"Ó dáa, a dúpẹ́." Wọ́n mi orí. "Pe ẹ̀gbọ́n rẹ. Sọ fún un pé kó máa bọ̀ wá gbé mi, kó má wulẹ̀ dúró de Àjíǹde mọ́."

Mo ní mi ò pè é. Mo ní láéláé. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ mi láti fúnra wọn pè é. Ìka wọn kọjá nọ́ńbà náà, wọ́n tún un tẹ̀, ó tún kọjá. Èmi náà ni mo gba fóònù padà, tí mo bá wọn tẹ̀ ẹ́.